Owó fífọ ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ ní Kamẹrúùnù, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbà ńkọ́?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ìjọba Kamẹrúùnù bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera fún gbogbo ènìyàn. Lára ohun tó bá a dé ni pé ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, tó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò ní í san 5,000 CFA nígbà kọ̀ọ̀kan mọ́. Owó tó ń lọ sí 520,000 CFA lọ́dún di 15,000. Fún ìdílé tó ní aláìsàn ní Hôpital Général nílùú Douala, ìtura ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Àmọ́, kí ló gbé àgbàlagbà dé ìdí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀? Fún ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tí wọn kò tọ́jú fún ọdún pípẹ́ ni. Ìpele àkọ́kọ́ ètò ìjọba dojú kọ ibà, HIV, ikọ́ ife, àwọn aláboyún, àwọn ọmọ kéékèèké àti fífọ ẹ̀jẹ̀. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún ní New-Bell tó gbọ́dọ̀ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, àpò ara rẹ̀ tàbí tàwọn ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Owó ìjọba dúró dè é níbi tí àìsàn parí sí, kò sí níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Àrùn yìí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2023 pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé tí kò mọ̀ pé àwọn ní i, àti pé nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún péré ni tirẹ̀ wà ní ìkáwọ́. Ẹni tó tilẹ̀ mọ̀, tó lo oògùn fún oṣù méjì, tí orí kò fọ́ ọ mọ́, á ní ara òun ti yá, á pa á tì. Ara kò yá o. Oògùn ló ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú jù ni orúnkún. Àgbà tí làkúrègbé ń dà láàmú kì í lọ sílé ìwòsàn nítorí ẹsẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń kiri oògùn lọ́jà ló ti ń rà á, ẹyọ méjì, ẹyọ mẹ́ta, nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ. Ní Douala bẹ́ẹ̀ ni, ní Ìdúmọ̀tà l'Ékòó náà bẹ́ẹ̀ ni. Diclofenac tàbí ibuprofen ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ìrora á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn oògùn wọ̀nyí máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́ tí wọ́n bá di àlòtúnlò. Tí bàbá náà bá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ púpọ̀, tí ooru Douala ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ tàbí tí inú ń ṣí i, ewu náà di ìlọ́po. Ó ń tọ́jú orúnkún, ó ń pa kíndìnrín. Paracetamol ní ìwọ̀n tó yẹ ló kọ́kọ́ yẹ ká béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ayédèrú oògùn jìnnà sí Kamẹrúùnù. Ní oṣù Keje ọdún 2023, WHO kìlọ̀ nípa oògùn ikọ́ kan, Naturcold, tí wọ́n rí níbẹ̀: diethylene glycol inú rẹ̀ tó ìdá 28.6 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí kò yẹ kó ju 0.10 lọ. Oògùn ọmọdé ni, àmọ́ ọjà tó gbé e jáde kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Owó ń lọ sílé lórí fóònù, ìyẹn dára. Àmọ́ ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé e kò ju “Ṣé ara le, Màmá?” lọ, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ju “Ara le, a dúpẹ́” lọ. Ìyá wo ló fẹ́ kó ìdààmú bá ọmọ? Ìbéèrè tó wúlò ni: “Màmá, mélòó lẹ̀rọ kọ lánàá? Oògùn tó kù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n rí páálí rẹ̀.” Bí 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń jáde lemọ́lemọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ dókítà. Kí Màmá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kó gbé apá lé tábìlì, kó má sọ̀rọ̀. Kí ẹni tó ń se ndolé, ewúro ẹlẹ́pà tí ìlú náà fẹ́ràn, dín iyọ̀ àti Maggi kù. Ṣíbí tíì kan ni gbogbo iyọ̀ tó yẹ kí ènìyàn jẹ lóòjọ́, èyí tó wà nínú Maggi náà sì wà lára rẹ̀.

Ìdílé tó lè dá owó aṣọ ẹbí fún ìsìnkú lè dá owó oògùn oṣooṣù nígbà tí bàbá ṣì wà láàyè. Ọ̀rọ̀ yìí korò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lọ síbi ìsìnkú ní Douala tàbí n'Íbàdàn mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ìdílé nìkan kò sì lè dá a gbé. Lọ́dún 2020, iléeṣẹ́ ìlera Nàìjíríà pẹ̀lú WHO àti àjọ Resolve to Save Lives bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kano, níbi tí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ láìdúró de ilé ìwòsàn ńlá. Irú rẹ̀ ló yẹ kó wà nínú ìpele tó kàn ní Kamẹrúùnù: ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, oògùn tí kì í tán, àti àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ fún kíndìnrín, ní New-Bell àti ní Bonabéri, kí àgbàlagbà má baà máa la sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ orí afárá Wouri kọjá nítorí oògùn oṣù kan.