Ẹ Forúkọ Áàpù Yín Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Kéde Rẹ̀

Lóde òní, ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ìbàdàn lè fi ọgbọ́n àtọwọ́dá bíi Claude tàbí ChatGPT kọ áàpù tó ń ṣírò owó àjọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó sì gbé e jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Bó ṣe rọrùn fún un náà ló rọrùn fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá rí áàpù náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lè ní kí ẹ̀rọ ṣe irú ẹ̀ fóun kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́. Tẹ́lẹ̀, wàhálà tó wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń lé olùdíje sẹ́yìn, ìyẹn kò sí mọ́. Orúkọ ló kù tí òfin lè bá a dì mú, orúkọ yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe áàpù ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Wọ́n á kọ́kọ́ kéde ọjà, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àmì ìdánimọ̀ ọjà di ìgbà tówó bá wọlé. Lójú tèmi, ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà dorí kodò.

Amẹ́ríkà ni ìmọ̀ràn pé ká kọ́kọ́ tà á ná ti wá, kò sì burú níbẹ̀, torí òfin wọn ń fún ẹni tó kọ́kọ́ fi orúkọ kan tajà ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Tiwa yàtọ̀. Abala 3 nínú òfin àmì ìdánimọ̀ ọjà wa sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí kò bá forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ kò lè pẹjọ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lójú. Ohun tó ṣẹ́kù fún un ni kó pẹjọ́ pé ẹnì kejì ń ta ọjà tirẹ̀ bí ẹni pé ọjà olùpẹjọ́ ni, ìyẹn sì gba pé kó fi hàn nílé ẹjọ́ pé àwọn oníbàárà ti mọ orúkọ náà mọ́ òun. Áàpù tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tí ojúlùmọ̀ àti ará ilé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lò ó, níbo ló ti fẹ́ rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀? Òótọ́ ni pé abala 7 dáàbò bo ẹni tó ti ń lo orúkọ kan láìdáwọ́dúró kí ẹlòmíràn tó lò ó tàbí kó tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn á kàn jẹ́ kó máa bá òwò rẹ̀ lọ ni, kò fún un lágbára láti dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, iléeṣẹ́ Paystack fi áàpù ìfowóránṣẹ́ kan tó pè ní Zap lọ́lẹ̀, Zap Africa tó ń ṣòwò kíríptò sì figbe ta pé orúkọ àwọn ni. N kò ní bá wọn dá ẹjọ́ náà níbí. Àmọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìwé ni òfin wa máa ń kọ́kọ́ béèrè: ta ló fi orúkọ sílẹ̀, lọ́jọ́ wo, lábẹ́ ìsọ̀rí wo nínú 45 tó wà? Áàpù wà lábẹ́ ìsọ̀rí 9, ìnáwó wà lábẹ́ 36, ẹni tó bá sì gbàgbé ọ̀kan ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọgbọ́n àtọwọ́dá kò mú wíwá orúkọ rọrùn. Bí ẹ bá ní kó wá orúkọ fún áàpù owó, irú ọ̀rọ̀ kan náà tó ń fún gbogbo ayé ló máa kó fún yín, bí ẹ bá sì bi í bóyá ẹnì kan ti ní in, ó lè dáhùn tìgboyà tìgboyà, nígbà tí ìwé àkọsílẹ̀ àmì ọjà tó wà ní Abuja kò sí níwájú rẹ̀. Orúkọ tó kàn ń sọ ohun tí ọjà jẹ́ náà kì í lọ jìnnà. OpenAI tó ni ChatGPT alára fẹ́ gba GPT bí àmì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2024, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àmì ọjà kọ̀ fún un torí pé ọ̀rọ̀ náà kàn ń ṣàpèjúwe irú ẹ̀rọ tó jẹ́ ni. Kí ẹni tó fẹ́ pe áàpù àjọ rẹ̀ ní “Àjọ” rò ó wò.

Àwọn kan á ní áàpù tó ń kú kó tó pé ọdún pọ̀, kí wá nìdí tí wọ́n á fi máa náwó lé e? Àwíjàre tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyí, òun ló sì lágbára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé kí wọ́n forúkọ gbogbo èrò tó bá sọ sí wọn lọ́kàn sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ kéde nìkan ni mo ń wí, kí wọ́n sì yẹ ìwé wò ná. Wọn ò tilẹ̀ ní láti dúró de ìwé ẹ̀rí, nítorí bí wọ́n bá gbà á wọlé, ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé béèrè ni ẹ̀tọ́ náà máa bẹ̀rẹ̀, ọdún 7 àkọ́kọ́ sì jẹ́ tiwọn. Àwọn mìíràn á ní àwọn ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ ni CAC ń fúnni, kì í fúnni ní àmì ọjà. Kódà, òfin CAC fún un láyè láti má gba orúkọ tó bá forí gbárí pẹ̀lú àmì tí ẹlòmíràn ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ti ìbẹ̀rù pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá á fi lọ́yà tẹ kékeré rì, kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀: ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ iyO pe OpenAI lẹ́jọ́ ní California lórí orúkọ io tí OpenAI ń lò, àṣẹ adájọ́ sì mú kí OpenAI yọ ọ́ kúrò lórí ìkànnì rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, púpọ̀ nínú ìjà wọ̀nyí kì í dé kóòtù. Ọ̀dọ̀ Google Play àti Apple la ti ń fẹjọ́ ẹni tó jí orúkọ áàpù sùn, fọ́ọ̀mù wọn sì ní àyè tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àmì náà. Fún àwọn tó wà ní Kùtọnu àti Lomé, ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo sí OAPI, iléeṣẹ́ tó ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tó para pọ̀, kárí orílẹ̀-èdè 17, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń tajà sí apá méjèèjì ibodè Sẹ̀mẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì.