Ehoro Kì í Ṣe Ààtàn Ọjà

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà n'Ílerò! Àjẹkù àtẹ ni a ń kó fún ehoro àwọn ọmọ wa: ẹ̀fọ́ tó ti ń rà, búrẹ́dì tó ti bu. Bó bá kú, a ní ọwọ́ ayé ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ehoro ò lè bì. Ohun tó bá ti gbé mì, inú rẹ̀ ló kù sí.

Koríko ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun híhù, koríko tó ń rún lójoojúmọ́ ni kì í jẹ́ kó gùn jù. Ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ lára koríko kí ẹ tó fún un. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé ẹ̀pà tí a sá lẹ́yìn ìkórè dára. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú, ẹ má fún un. Kí omi mímọ́ má tán níwájú rẹ̀, kí ilé rẹ̀ wà lábẹ́ igi, torí ooru tètè ń pa á.

Èrò tiwa ni pé ẹni tí kò ráyè wá koríko, kó má ra ehoro fọ́mọ. Ohun tí a ò lè tà fún oníbàárà, ká má fi bọ́ ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀. Ajé á wá wa o.