Òṣùwọ̀n Wo Ni A Fi Ń Wọn Ọrọ̀ Ilẹ̀ Kòkó?

Kò sí ọdún kan tí a kì í gbọ́ iye tọ́ọ̀nù kòkó tí ilẹ̀ Nàìjíríà tà sí òkè òkun. Àwọn aláṣẹ a máa kà á jáde pẹ̀lú ìdùnnú, àwọn ìwé ìròyìn a sì máa gbé e. Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣíwájú nínú oko kòkó, a máa fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ènìyàn díẹ̀ ní ń béèrè: nínú owó tí kòkó mú wá, èló ni ó sùn ní abúlé tí kòkó ti jáde? Ohun tí a kò bá wọ̀n, a kì í mọ ìgbà tí ó dín. Bí a kò bá sì yan òṣùwọ̀n dáadáa, irọ́ ni yóò máa pa fún ẹni tí ó gbé e dání.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lójú Mùsùlùmí. Àwọn ará Madyana, tí a rán Ànábì Shuaibu sí, ẹ̀ṣẹ̀ ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n wà lára ohun tí ó kó ìparun bá wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé alárobọ̀ tí ó ti ọwọ́ bọ sikéèlì nìkan ni ìkìlọ̀ náà ń bá wí. Ṣùgbọ́n a lè fi ìwọ̀n èké wọn odindi agbègbè kan pẹ̀lú, bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó jáde kúrò níbẹ̀ nìkan ni a ń kà, tí a kò ka ohun tí ó kù sílẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó gbìyànjú rí. Ní ọdún 1951 sí 1952, a ṣe ìwádìí ńlá kan láàárín àwọn ìdílé àgbẹ̀ kòkó nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n kọ àbọ̀ rẹ̀, Galletti, Baldwin àti Dina, tẹ ìwé náà jáde ní 1956. Wọ́n ṣírò oko, owó tí ń wọlé, owó tí ń jáde àti gbèsè tí ó wà lọ́rùn àgbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá tí ó wà nínú iṣẹ́ náà ni pé inú ilé àgbẹ̀ ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní èbúté Èkó. Ó ṣeni láàánú pé ìṣirò ti èbúté ni ó tún gba ipò iwájú lẹ́yìn rẹ̀.

Bí a bá wo ìtàn, a ó rí ohun tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ dá sílẹ̀. Ní 1947 ni a dá àjọ tí ń ra kòkó sílẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Mákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù. Ní 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Àjọ yìí ni ó ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Iye náà a sì máa kéré sí ti ọjà àgbáyé, èyí tí ó lé sì di owó ìpamọ́ àti owó ìjọba. Àǹfààní wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sẹ́ ẹ kò sọ òótọ́. Owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ró ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Ìbàdàn ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní 1959, Ilé Kòkó sì dé orí ìdúró ní 1965.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n tí ó tọ́ wọn nǹkan wọ̀nyí. Ilé ẹ̀kọ́ dé abúlé. Ọmọ àgbẹ̀ jókòó nínú rẹ̀, ó sì mọ̀wé. Ìyẹn jẹ́ ọrọ̀ tí ó padà sí ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n ilé gogoro náà, Ìbàdàn ni ó wà. Ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 láti máa lọ kòkó, Ìkejà ni a kọ́ ọ sí. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ sì dìde ní 1968 àti 1969 nínú ìjà tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà, ohun tí wọ́n ń ké ni pé owó orí wúwo, kòkó kò lówó lórí tó, ọ̀nà oko kò sì ṣeé rìn. Ọrọ̀ wà nínú ìwé ìṣirò ìjọba, kò sí nínú ìkòkò ọbẹ̀ àgbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa kòkó kan náà, òṣùwọ̀n ni kò papọ̀.

Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni ó yẹ kí a máa gbé lé ilẹ̀ tí ó ń jẹun nídìí ohun kan. Èkíní ni ti ìgbáralé. Ká mú un bí àpẹẹrẹ pé nínú 100 òṣìṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ènìyàn 5 ní ń jẹun nídìí iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n ní agbègbè kan, ènìyàn 40 ni. Agbègbè náà gbára lé iṣẹ́ yẹn ní ìlọ́po 8 ju orílẹ̀-èdè lọ. Bí iṣẹ́ náà bá rẹ̀yìn, orílẹ̀-èdè yóò sín, agbègbè yóò dùbúlẹ̀ àìsàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ní àkókò 1970 sí 1971, kòkó tí Nàìjíríà pa ju 300,000 tọ́ọ̀nù lọ. Epo rọ̀bì dé, àwọn alágbàṣe àti ọ̀dọ́ wọ ìlú lọ, igi kòkó darúgbó. Nígbà tí yóò fi di 1986, iye náà kò tó ìlàjì mọ́. Abùjá àti Èkó kò mọ̀ ọ́n lára bí àwọn abúlé kòkó ti mọ̀ ọ́n.

Èkejì ni ti bí owó ti ń pẹ́ tó nílé. Bí àgbẹ̀ bá ta kòkó, tí ó san owó fún alágbàṣe ní abúlé, tí alágbàṣe ra gàrí lọ́wọ́ ìyá kan ní ọjà, tí ìyá náà sì ti ibẹ̀ san owó télọ̀, owó kan náà ti ṣiṣẹ́ fún ènìyàn mẹ́rin kí ó tó jáde. Ṣùgbọ́n bí olóko bá ń gbé ní ìlú ńlá, tí wọ́n ń kó èrè ránṣẹ́ sí i, tí oògùn kòkó àti àpò ń ti ibòmíràn wá, tí kòkó sì jáde ní híhóró, ojú ẹsẹ̀ ni owó ti fò lọ. Ilé-iṣẹ́ kòkó tí ó wà ní Ilé-Olújì fi hàn pé a lè lọ kòkó ní ilẹ̀ tí ó ti hù. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ìdí tí irú rẹ̀ kò fi pọ̀.

Òṣùwọ̀n yìí wúlò fún ohun mìíràn pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí kòkó àti wúrà jọ wà, ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wa wúrà ní Ṣẹ̀gilọlá ní 2021. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ohun àlùmọ́nì sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Kòkó ń gba ọwọ́ olóko, alágbàṣe, obìnrin tí ń sá a, awakọ̀ àti alárobọ̀ kọjá. Ẹ̀rọ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wúrà ńlá. Nítorí náà, owó kan náà tí a kọ sí orí ìwé kì í ṣe oúnjẹ kan náà nínú ilé.

Ẹ̀kẹta ni ti ohun tí yóò kù. Kòkó tí ilẹ̀ Yorùbá pa láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, inú igbó ni ó ti hù. Títí di òní ni oko kòkó ṣì ń wọ inú igbó ọba bí Olúwa àti Ọmọ. Bí a bá ń ka owó kòkó, tí a kò yọ igbó tí ó lọ kúrò nínú rẹ̀, èrè tí a rò pé a jẹ, ojú owó ni. Àwọn tí ń ra kòkó pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiwọn: òfin tí ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní 2023 kọ kòkó tí ó bá ti inú oko tí a pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 jáde.

Àwọn kan yóò wí pé bí kòkó bá ti lówó lórí, gbogbo èyí ti parí. Ìtàn kò jẹ́rìí sí i. Ní 1986 tí a tú Mákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ká, iye tí àgbẹ̀ ń gbà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àbójútó lórí dídára kòkó rẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan ré kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé. Ní oṣù Kejìlá, ó kọjá 12,000. Nígbà tí 2025 dé, ó tún já wálẹ̀ gidigidi. Owó gọbọi kì í ṣe ọrọ̀ bí kò bá di ohun kan tí yóò dúró lẹ́yìn tí iye bá ti wálẹ̀: oko tuntun, ẹ̀rọ, ọ̀nà, ilé ìwòsàn, ẹ̀kọ́ ọmọ.

Nítorí náà, kò yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ kòkó fi ìṣirò sílẹ̀ fún ìjọba àti yunifásítì nìkan. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n mọ ilé dé ilé. Lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè mú ìwé àti bírò, kí wọ́n kọ iye ìdílé tí kòkó ń bọ́, iye oko tí olóko rẹ̀ kò sí nílé, ibi tí owó ná sí, iye ọ̀dọ́ tí ó kù ní oko, àti iye igbó tí a tún pa. Kí wọ́n má ṣe kọ àsọdùn, kí wọ́n má sì dín in kù. Bí a bá ṣe èyí ní ọdún mẹ́ta léraléra, abúlé náà yóò ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Nígbà tí aláṣẹ bá tún dé tí ó ka tọ́ọ̀nù fún wọn, àwọn náà yóò lè ka ohun tí ó kù sílẹ̀ fún un.