Ilẹ̀kùn Tí Ilé-Ìtajà Ńlá Bá Tì Kò Gbọdọ̀ Di Ogún Rẹ̀

Nígbàkígbà tí ilé-iṣẹ́ ìtajà ńlá kan bá ra èkejì, iye owó tí ó fi rà á ni àwọn oníròyìn máa ń kọ́kọ́ pariwo, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ka iye òṣìṣẹ́ tí ó lè pàdánù iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ àti ilé tí wọ́n ti ń tajà tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ń fi sẹ́yìn yìí gan-an ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ilé-ìtajà orí ilẹ̀ ìlú tí oníṣòwò ńlá bá tì pa ju oṣù méjìlá lọ, tí kò tà á, tí kò yá a fún ẹlòmíràn, tí kò sì tajà nínú rẹ̀, ó yẹ kí òfin gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì dá a padà sábẹ́ àṣẹ ìlú tí ó wà, kí àwọn tí ó ní ọjà lọ́wọ́ lè rí ibi pàtẹ rẹ̀ sí. Ifangni, kómúùnù ẹnubodè ní ẹkùn Plateau ní orílẹ̀-èdè Benin, ni ó yẹ kí ó wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ti rí ohun tí ilẹ̀kùn títì ń fi ojú ìlú rí.

Ilé-ìtajà ẹlẹ́ka-púpọ̀ ni ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ní ìsọ̀ ńlá ní ìlú púpọ̀, tí gbogbo wọn ń jẹ́ orúkọ kan, tí ọ̀gá kan náà sì ń ra ọjà fún wọn. Bí méjì nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá di ọ̀kan, yálà nítorí pé ọ̀kan ra èkejì tàbí nítorí pé àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan láti dàpọ̀, ọwọ́ kan náà ni yóò wá ni ilé méjì ní òpópónà kan, tí méjèèjì ń ta ohun kan náà fún oníbàárà kan náà, ọ̀kan nínú wọn yóò sì di àtìpa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń burú, nítorí pé ẹni tí ó ti ilé náà kì í fẹ́ kí alábàádíje rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn láti máa san owó ilé tí kò lò ju kí ẹlòmíràn máa ta irú ọjà rẹ̀ níbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Bí ó bá sì fẹ́ ta ilé náà pàápàá, ó lè ki àdéhùn ìdènà bọ inú ìwé títà rẹ̀, èyí tí í ṣe gbólóhùn tí ó fi dandan lé e pé ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ta oúnjẹ lórí rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwà yìí gbilẹ̀ débi pé àjọ tí ń mójú tó ìdíje àwọn oníṣòwò gbé àṣẹ jáde ní ọdún 2010 láti dẹ́kun rẹ̀, síbẹ̀ ní ọdún 2020 ni a kéde pé Tesco, ilé-ìtajà oúnjẹ tí ó tóbi jù lọ níbẹ̀, ti rú àṣẹ náà ní ìgbà 23. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ojú ìjọba tí ó ní òfin, ilé-ẹjọ́ àti òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá lè hu irú ìwà yìí, ìlú kékeré tí kò ní òfin kankan lórí rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí, nítorí pé ìdàpọ̀ ilé-ìtajà ti dé ilẹ̀ Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Shoprite, ilé-ìtajà ẹlẹ́ka-púpọ̀ ti South Africa. Ní ọdún 1919 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ó ń ṣòwò ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà para pọ̀ di African and Eastern Trade Corporation. Ní ọdún 1929 ni èyí náà tún dàpọ̀ mọ́ Niger Company tí Lever Brothers ti rà ní 1920, àwọn méjèèjì sì bí United Africa Company, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí UAC. Ní Dahomey, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe Benin nígbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó CFAO, SCOA àti John Holt náà ní ilé-ìtajà tiwọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó ń ra èkùrọ́, epo àti kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, àwọn náà ni ó sì ń ta aṣọ, iyọ̀ àti sìmẹ́ńtì padà fún un. Nígbà tí wọn kò pọ̀ mọ́, tí wọ́n sì ti mọ ara wọn dáadáa, ó rọrùn fún wọn láti jókòó fi ẹnu kò: ní ọdún 1937 ni UAC àti àwọn mìíràn fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe máa ra kòkó, tí àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, ìyẹn Gánà òní, sì kọ̀ láti ta kòkó wọn fún oṣù púpọ̀, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbé ìgbìmọ̀ Nowell dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ náà ní 1938. Lẹ́yìn náà, nígbà tí òmìnira ń bọ̀, UAC yí ọwọ́ padà, ó kó owó rẹ̀ kúrò nínú ìsọ̀ kéékèèké ìgbèríko, ó kó o lọ sí ilé-iṣẹ́ ìpọntí, ọkọ̀ títà àti ilé-ìtajà Kingsway ní àwọn ìlú ńlá. Ìpinnu olówó ni, ó sì lè jẹ́ ìpinnu ọlọ́gbọ́n lójú ẹni tí ó ni owó, ṣùgbọ́n ní ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é, kò sì sí baálẹ̀ tàbí ìyálọ́jà kan tí wọ́n bi léèrè ohun tí yóò di ti ilé tí wọ́n ń fi sílẹ̀.

Àwọn alátìlẹ́yìn ìdàpọ̀ máa ń ní èsì kan lẹ́nu, pé kí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n ta díẹ̀ nínú ẹ̀ka wọn fún alábàádíje kí wọ́n tó gba àṣẹ láti dàpọ̀, àti pé bẹ́ẹ̀ ni ilé kankan kò ní ṣófo. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2015 já èsì yìí ní koro. Nígbà tí ilé-ìtajà oúnjẹ Albertsons fẹ́ ra Safeway, ìjọba ní kí wọ́n ta ẹ̀ka 168, wọ́n sì ta 146 nínú wọn fún Haggen, ilé-iṣẹ́ kan láti ìpínlẹ̀ Washington tí kò ní ju ìsọ̀ 18 lọ títí di ìgbà náà. Ẹni tí ó ń tọ́jú ìsọ̀ 18 di ẹni tí yóò máa bójú tó ju 160 lọ ní ìpínlẹ̀ márùn-ún láàárín oṣù díẹ̀. Kí oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà tó parí, Haggen ti wọ ilé-ẹjọ́ láti kéde pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ilé wọ̀nyẹn tì pa, àwọn kan bọ́ sọ́wọ́ àwọn alábàádíje, Albertsons fúnra rẹ̀ sì padà wá ra púpọ̀ nínú èyí tí ó kù ní owó tí ó kéré, títí kan orúkọ Haggen. Ẹni tí ìjọba ní kí ó ta ọjà rẹ̀ kí ìdíje má bàa kú ni ó jẹ èrè ikú ìdíje náà. Ẹ̀kọ́ yìí wà lára ohun tí ó mú kí ilé-ẹjọ́ ní Oregon dá ìdàpọ̀ Kroger àti Albertsons dúró ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2024, nítorí pé wọ́n tún ti gbé ìmọ̀ràn kan náà wá: wọn yóò ta ẹ̀ka 579 fún ilé-iṣẹ́ tí ìrírí rẹ̀ nínú ìtajà kéékèèké kò tó nǹkan.

Ní Nàìjíríà, Shoprite ṣí ilé-ìtajà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Lẹ́kkí ní oṣù kejìlá ọdún 2005, ó sì ta gbogbo òwò rẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà ní 2021. Àwọn tí ó rà á ti ẹ̀ka Kánò ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n sì ti ti Wuse ní Àbújá ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Àyè ńlá bẹ́ẹ̀, tí a yà sọ́tọ̀ fún ayálégbé kan ṣoṣo, kò rọrùn láti pín fún ẹlòmíràn.

Ilé-ìtajà irú èyí kò tíì gbilẹ̀ ní Ifangni, ṣùgbọ́n Ìgòlò, ọjà ẹnubodè kómúùnù náà tí ó kọjú sí Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà, kò ṣàjèjì sí ìpinnu tí a ṣe ní ibi jíjìn. Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 nítorí ìrẹsì àti ọjà tí ń gba ẹ̀yìn wọlé, kò sí ẹni tí ó bi àwọn obìnrin oníṣòwò Ìgòlò léèrè. Bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ ṣí padà ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n ti Ìdí-Ìrókò kò ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ààlà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba méjì, kómúùnù kò sì lágbára lórí rẹ̀. Lórí ilẹ̀ ọjà, kómúùnù ní agbára, nítorí pé òfin Benin ti fi ìkọ́lé, àtúnṣe àti ìtọ́jú ọjà sí ọwọ́ kómúùnù láti ọdún 1999, ẹni tí kò bá sì lo agbára tí òfin fún un kò lè dá ẹlòmíràn lẹ́bi nígbà tí ilẹ̀ bá bọ́ sọ́nù.

Àwọn kan yóò sọ pé gbígba ilé lọ́wọ́ ẹni tí ó yá a jẹ́ olè jíjà, àti pé irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò lé olówó sá. Òfin OHADA, èyí tí Benin àti orílẹ̀-èdè 16 mìíràn jọ ń tẹ̀ lé nínú ọ̀rọ̀ ìṣòwò, ti dáhùn ìdajì àtakò náà: abala 123 nínú òfin ìṣòwò tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2010 sọ pé oníṣòwò tí ó bá ti ṣe òwò tí ó tìtorí rẹ̀ yá ilé fún ọdún méjì ó kéré tán ni ó ní ẹ̀tọ́ pé kí onílé tún àdéhùn ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ìlò ni òfin yìí fi ẹ̀tọ́ lé. Ẹni tí kò lò ó kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró nígbà tí ó bá ń pariwo ẹ̀tọ́. Olówó tí ó bá sì wá nítorí àtitajà kò ní ohun tí yóò bẹ̀rù nínú òfin tí ó ní kí ó máa tajà. Ẹni tí yóò sá ni ẹni tí ó fẹ́ fi ilẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn, kí ó sì tètè máa lọ.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a dúró títí ilé-ìtajà ńlá yóò fi dé kí a tó ṣòfin lórí rẹ̀. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà bá ti gba ìwé ogún ọdún, tí ó sì ti ní agbẹjọ́rò, àdéhùn tí kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́ kò ṣeé fi kún un mọ́. Ewu gidi kan wà tí ó yẹ kí a gbà pé ó wà, òun ni pé àwọn ìgbìmọ̀ ìlú lè gba ilé tí ó ṣófo kí wọ́n sì pín in fún ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí wọn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí orúkọ gbogbo ẹni tí a bá pín ìsọ̀ fún wà lára ògiri ilé kómúùnù, kí ó sì jẹ́ pé àwọn tí ó ti ń san owó ọjà ni yóò ṣáájú.

Àjọ ìdíje ECOWAS tí ó wà ní Banjul ti ń gba ìwé ìdàpọ̀ tí ó kọjá ààlà orílẹ̀-èdè kan láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, òfin ìdíje Nàìjíríà ti 2018 náà sì ti pàṣẹ pé kí a wo ipa tí ìdàpọ̀ yóò ní lórí ẹkùn, iṣẹ́ òòjọ́ àti àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì máa béèrè àkọsílẹ̀ gbogbo ilé tí ìdàpọ̀ yóò ti pa, àti orúkọ ẹni tí yóò gbà á, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n Ifangni kò ní láti dúró de Banjul. Kí ìgbìmọ̀ kómúùnù kọ ọ́ sínú gbogbo ìwé ilẹ̀ tí yóò fún oníṣòwò ńlá láti ìsinsìnyí lọ: kò sí àdéhùn ìdènà; ní orí ilẹ̀ kómúùnù, àdéhùn parí bí ilé bá ṣófo ju oṣù méjìlá lọ; ní orí ilẹ̀ aládàáni, owó orí ilé òfìfo yóò máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún, owó náà yóò sì máa lọ sí àtúnṣe ọjà Ìgòlò àti àwọn ọjà yòókù. Olówó tí kò bá gba èyí, kí wọ́n má fún un ní ilẹ̀.