ÀDÉHÙN NIAMEY ÀTI ẸNUBODÈ TÍ A TÌ

Ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa gbogbo,

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí kò yẹ kí a gbé mì. Ní oṣù keje ọdún 2019, Ààrẹ Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ìlú Niamey, pé kí gbogbo Áfíríkà di ọjà kan ṣoṣo. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ìjọba kan náà ti ti ẹnubodè orí ilẹ̀ mọ́ ọjà àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí a tó ṣí Sẹ̀mẹ̀. Ti Ìdìròkò di oṣù kẹrin ọdún 2022. Mo bi yín léèrè: ta ni yóò gba ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ àdéhùn, tí ó sì ń fi ọwọ́ òsì ti ilẹ̀kùn gbọ́?

Wọ́n ní nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì ni. Èmi kò sẹ́ pé fàyàwọ́ ń bẹ, bẹ́ẹ̀ ni èmi kò wí pé ọwọ́ Bẹ̀nẹ̀ mọ́. Ìrẹsì tí ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu pọ̀ ju èyí tí àwọn ará ibẹ̀ lè jẹ lọ, ìjọba wọn sì ń gba owó bodè lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Láti ọdún 2016 ni òfin ti ka ìrẹsì òkèèrè léèwọ̀ ní ẹnubodè orí ilẹ̀, síbẹ̀ ó ń wọlé. Ìrẹsì kò ní ẹsẹ̀. Ẹni tí a fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ó jẹ́ kí ó kọjá.

Kàkà kí a bá oníbodè aláìṣòótọ́ wí, oníṣòwò olóòótọ́ ni a jẹ níyà. Onífàyàwọ́ mọ ọ̀nà igbó. Ẹni tí ń san owó bodè ni ẹrù rẹ̀ há sí Sẹ̀mẹ̀. Ẹrù àwọn ará Gánà há níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni Èkó wa níhìn-ín ni a ti dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní ọdún 1975, kí ọjà lè máa lọ kí ó sì máa bọ̀ láàrin wa.

Ní ọdún 2023, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, a tún sáré ti ẹnubodè, a sì gé iná mànàmáná wọn. Ìjọba alágbádá kò padà. Niger, Mali àti Burkina Faso ni ó jáde kúrò nínú ECOWAS ní oṣù kìíní ọdún 2025.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì nìkan ni èyí. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1889 fi Kétu sí ọ̀hún, ó fi Ìmẹ̀kọ sí ìhín, ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n. Òyìnbó pín wa. Ṣé ó yẹ kí àwa fúnra wa wá fi àgádágodo sí i?

Nítorí náà, ẹ̀yin baba wa, ẹ bá wa béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ìjọba: kí a má ṣe ti ẹnubodè mọ́ láìkọ́kọ́ bá aládùúgbò jókòó, kí a fi oníbodè tí ń gba rìbá jófin, kí a sì pe àwọn ọba ìlú ẹ̀bá ààlà sí ìgbìmọ̀. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ni yóò dáhùn fún àwọn ọmọ yín tí ebi pa lẹ́bàá ẹnubodè.