Oúnjẹ Kì í Ṣe Sàárà Ìjọba

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ni èrò tẹ̀ pa nínú ọgbà Islamic High School, Baṣọ̀run, Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ṣèlérí oúnjẹ àti ẹ̀bùn fún àwọn ọmọdé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, àwọn ènìyàn tún kú níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì ní Àbújá àti ní Okija, ìpínlẹ̀ Anambra. Àwọn kan ní ojúkòkòrò ni ó pa wọ́n. Àwọn mìíràn ní kádàrá ni. Àwa kò gbà. Ẹni tí ó yó kì í fi òru lọ tò sẹ́nu ọ̀nà nítorí abọ́ ìrẹsì kan. Ebi ni ó lé wọn débẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: ẹ̀tọ́ ni oúnjẹ, kì í ṣe sàárà tí ìjọba ń ṣe fún wa nígbà tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. A kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ ọ́ sínú Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní 1948. Ní 1966 wọ́n sọ ọ́ di àdéhùn láàrin àwọn orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì wọ inú àdéhùn náà ní 1993. Ní 2001, Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn dá Nàìjíríà lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ àwọn ará Ògóni, tí epo rọ̀bì ba oko àti odò wọn jẹ́. Ìgbìmọ̀ náà ní ìjọba kò gbọdọ̀ ba oúnjẹ aráàlú jẹ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kankan bà á jẹ́, kò sì gbọdọ̀ dí wọn lọ́wọ́ láti bọ́ ara wọn.

Nílé ńkọ́? Ìwé òfin 1999, ní abala 16, ní kí ìjọba darí ètò rẹ̀ kí oúnjẹ tó fún gbogbo ọmọ ìlú. Ní oṣù Kẹta 2023, wọ́n tún un ṣe, wọ́n dárúkọ ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ ní gbangba. Ó dára. Ṣùgbọ́n abala 6 nínú ìwé kan náà kò fún ilé-ẹjọ́ láṣẹ lórí ohun tí ó wà ní orí kejì, orí kejì gan-an ni wọ́n sì kó oúnjẹ sí! Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi fún wa, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gbà á. Ẹ̀tọ́ tí a kò lè torí rẹ̀ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, kí ni ó fi yàtọ̀ sí ìlérí? Ní oṣù Keje 2023, Ààrẹ Tinúbú kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì. Ọdún kan ààbọ̀ kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn ọmọ Ìbàdàn fi kú.

Ẹ jẹ́ kí a wo Àkókó tiwa. Ilẹ̀ wa kì í ṣe aṣálẹ̀. Iṣu ń ta, ẹ̀gẹ́ ń ta, kòkó àti kajú ń so. Síbẹ̀, àgbẹ̀ Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ ń bẹ̀rù oko jíjìn nítorí ajínigbé àti màlúù tí ń jẹ oko. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin lórí fífi ẹran jẹ̀ káàkiri ní 2021, ṣùgbọ́n òfin tí ó sùn sínú fáìlì kò lè lé màlúù kúrò nínú oko. Kí iṣu tó dé ọjà Ìkàrẹ́, owó ọkọ̀ ti jẹ èrè rẹ̀ tán.

Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kéwú mọ ohun tí a ń sọ. A ti rí ọmọ tí ń tòògbé lórí wàláà, a pè é ní ọ̀lẹ, a sì nà án, kí a tó gbọ́ pé kò jẹun láti àná. Ojú ń tì wá di òní.

Ẹnìkan yóò ní: ṣé kí ìjọba máa bọ́ ọ̀lẹ ni? Rárá o. Ẹ̀tọ́ yìí kò ní kí ìjọba fi òkèlè sí wa lẹ́nu. Ó ní kí àgbẹ̀ dé oko láìfòyà, kí owó iṣẹ́ oṣù kan ra oúnjẹ oṣù kan, kí a sì bọ́ arúgbó, aláìsàn àti ọmọ òrukàn tí kò lágbára. Brazil kọ ọ́ sínú ìwé òfin rẹ̀ ní 2010. Íńdíà ṣe òfin tirẹ̀ ní 2013, tí ó sọ ọkà olówó pọ́ọ́kú di ẹ̀tọ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn rẹ̀. Tálákà wà lọ́dọ̀ àwọn náà.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ìjọba nìkan ṣe ẹlẹ́bi. Ẹni tí ó kó ẹ̀wà àti gààrí pamọ́ kí ó lè wọ́n, tí ó tún wá dúró ní sááfù kìíní, kí ni ó ń kí Ọlọ́hun fún? Ìtàn sọ pé nígbà ìyàn ọdún 18 Híjírà, Khalífà Umar fi ẹran àti òrí wàrà du ara rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn gómìnà rẹ̀ kí wọ́n kó oúnjẹ wá. Kò jókòó kí ó máa pe ebi ní kádàrá.

Nítorí náà, kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ fún ẹ̀tọ́ yìí. Kí ìjọba Oǹdó mú òfin 2021 ṣẹ, kí ó sì la ọ̀nà oko. Kí àwa náà gba sàká jọ, kí a gbé e lọ bá aláìní nínú ilé rẹ̀, kí a má to ọmọ ènìyàn sóòrùn nítorí kóńgò ìrẹsì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò yín, ẹ bi í léèrè èyí kí ẹ tó gba àpò ìrẹsì ọwọ́ rẹ̀ wò. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, kí ó má sì jẹ́ kí a tún fi ọmọ wá oúnjẹ mọ́. Àmín.