Ìdílé Aláyọ̀: Ẹ Kú Àbọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba àpò ìwé ìkórè tí ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ ó fi sínú rẹ̀, ẹ kú ìrònú.

Òjò àrọ̀kúrò ń palẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀. Ọdún Ìgógo ti kọjá, ìlù sì ti padà sí ìgboro. (Bí ẹ bá jẹ́ àlejò ní Ọ̀wọ̀, fún ọjọ́ 17 tí wọ́n fi ń ṣe ọdún náà, agogo nìkan ni ẹ ó máa gbọ́, wọn kì í lùlù. Mo mọ ohun tí ẹ ń retí kí Pásítọ̀ sọ nípa Ìgógo, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi mú gègé lónìí.) Iṣu tuntun kún ọjà, kòkó sì ti pọ́n lórí igi.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ kòkó díẹ̀. Kòkó kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ọkùnrin lè fi àdá já a lórí igi, ṣùgbọ́n ta ni ó fọ́ ọ? Ta ni ó kó o jọ, tí ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà? Nígbà tí a bá sá a sí oòrùn, ta ni ó ń ṣọ́ ojú ọ̀run? Ìyàwó ni, àwọn ọmọ ni. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni mí. Bí òjò bá ṣú lójijì, ìyá wa á figbe ta, gbogbo wa á sáré jáde, ẹni tí ó ń wẹ̀ pàápàá á sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lára, a ó sì máa fi ọwọ́ àti igbá kó kòkó wọlé. Bí a bá kó o tán tí òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ẹ̀rín ni a ó máa rín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó máa fi ẹni ọlọ́ṣẹ lára ṣe yẹ̀yẹ́. N kò rántí iye tí bàbá wa ta kòkó ní ọdún kankan. Ẹ̀rín yẹn ni mo rántí.

Ní ọdún 2024, owó kòkó fò sókè lọ́jà àgbáyé débi pé tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ojú ọjọ́ tí kò dára àti àrùn igi kòkó ní Ghana àti Côte d'Ivoire wà lára ohun tí ó fa ọ̀wọ́n náà. Owó náà ti wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn, ẹjọ́ ìdílé tí wọ́n gbé wá bá mi pọ̀ ju ti ọdún tí kò sówó lọ. Arábìnrin kan wá jókòó níwájú mi. Ọkọ rẹ̀ ti ra ilẹ̀, ó ti ra ọ̀kadà, ó sì ti mú ọpẹ́ ńlá wá sílé Ọlọ́run, a pàtẹ́wọ́ fún un. Arábìnrin yìí ní, "Pásítọ̀, n kò bèèrè owó. Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín: ṣé ó dárúkọ mi níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ náà?"

Mo ronú títí. Kò dárúkọ rẹ̀. Èmi tí mo na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i náà kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìyàwó yín dà.

Ẹ lọ ka Deutarónómì 26, níbi tí àgbẹ̀ ti gbé agbọ̀n èso àkọ́so rẹ̀ wá. Ní ẹsẹ 11, Ọlọ́run kò sọ pé kí ọkùnrin náà nìkan máa yọ̀. Ilé rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ Léfì àti àlejò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwa pásítọ̀, a kì í gbàgbé ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba ọmọ Léfì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Ní agbègbè wa yìí, kí ènìyàn lọ kí ó sì bọ̀ kì í ṣe ohun kékeré mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n pa Ọba Israel Adeusi, Olúfọ̀n ti Ìfọ̀n, lójú ọ̀nà ní Ẹlẹ́gbẹ́ka nígbà tí ó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn oníbọn kọ lu ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀. Bí 40 ènìyàn ni ó kú, ọmọdé wà lára wọn. Ìsìn ni wọ́n lọ, wọn kò sì padà wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán. N kò ní gbẹnu lé ohun tí àwọn ìdílé wọ̀nyẹn yóò sọ fún Ọlọ́run lásìkò ìdúpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń yára wàásù fún ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀, ẹ rọra.

Láti ìgbà náà ni "ẹ kú àbọ̀" ti yí padà létí mi. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ìyá a máa ka orí àwọn ará ilé wọn láìsọ̀rọ̀. Ta ni ó kù lóko? Ta ni kò tíì dé láti ọjà?

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Mo lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, ọkọ̀ wa bàjẹ́ lọ́nà, iná sì ti tán nínú fóònù mi. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá kí n tó délé. Ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn kí n tó kàn án. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Dádì." Mo dáhùn lẹ́ẹ̀kan, mo jókòó, mo tọ́ ọbẹ̀ wò, mo ní ó ti tutù. Kò fèsì, ó gbé e lọ sórí iná. Àbígbẹ̀yìn wa ni ó wá rọra sọ fún mi pé, "Dádì, Mọ́mì kò tíì jẹun láti ọ̀sán. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí." Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó ṣáájú, orí Lúùkù 17 ni mo wàásù lé, àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí ẹnìkan ṣoṣo padà wá dúpẹ́. Mo ti bá àwọn mẹ́sàn-án yòókù wí gidigidi.

Mo jẹ oúnjẹ náà, mo lọ sùn. Àfi ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ó ń bó iṣu, ni mo lọ dúró tì í nílé ìdáná, mo ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi, ẹ ṣeun fún àná. Ẹ ṣeun tí ẹ dúró dè mí."

Ó gbójú sókè, ó wò mí dáadáa, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Dádì, kí lẹ fẹ́ gbà?"